Ọ̀gá Àgbà Tó Pàṣẹ fún Ìmọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀: ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Òmùgọ̀ máa ń béèrè ọ̀nà tó bá sọnù. Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwádìí Ìmọ́lẹ̀ kò béèrè ọ̀nà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan oyè rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, nítorí ó gbà pé ibikíbi tí òun bá ti dúró ni ọ̀nà gbà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ náà ni pé wọ́n ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà gbọ́ èyí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, kò béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ ara tirẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ó ń so aago kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó ń so òmíràn mọ́ ọwọ́ òsì. Tábìlì méjì ló wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, á sì dìde nídìí ọ̀kan lọ sídìí èkejì tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo. Ìwé tó bá buwọ́ lù lẹ́ẹ̀kan kò tíì di ìwé. Ẹni tó bá sì kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé kò kí i ni. Láràárọ̀, ohun tí ẹ ó máa gbọ́ ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ sà. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ kí i lẹ́ẹ̀kan torí pé ikọ́ gbà á lẹ́nu kó tó kí èkejì, wọ́n bá fún un níwèé pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n ní kó fi ṣàlàyé náà.

Tó bá ti kọjá tán, Lọ́po-Méjì ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í pè é bẹ́ẹ̀, ìyẹn Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbà kí ọ̀rọ̀ tó tán. Bí Ọ̀gá bá ti ní "Mo rò pé," Akọ̀wé á ti ní òótọ́ pọ́ńbélé ni sà, á tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò sì tíì mọ ohun tí òun fẹ́ rò.

Ní ìsàlẹ̀ ilé náà, níbi tí àtẹ̀gùn parí sí, yàrá kan wà tí kò ní fèrèsé. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kun ògiri rẹ̀, aṣọ dúdú nínípọn ló bo ẹnu ọ̀nà, tábìlì irin ńlá kan sì wà láàárín tí dígí kéékèèké kún orí rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Yàrá Dúdú, àtẹni tó jù ú lọ àtẹni tó kéré sí i. Ó ti lo ọdún mẹ́rin nínú yàrá yẹn. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Bàbá Onídígí, àgbàlagbà tó ń nu dígí, tó ń tò wọ́n, tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ fún yín pé ẹnì kan ti fara kan tábìlì náà láàárọ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta kí Bàbá fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ wọn kò le láti yé èèyàn. Bí Àǹtí ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù ni èmi náà ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Òkúta dúdú kan wà tó ń dán. Tí wọ́n bá fi téèpù bó o, tí wọ́n tún bó o, bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, awọ tó máa kù gbẹ̀yìn á fẹ́lẹ́ débi pé ọ̀kẹ́ márùn-ún irú rẹ̀ léra wọn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ nípọn tó irun orí kan. Awọ yìí ni wọ́n ń tẹ́ sórí dígí, tí wọ́n á wá tan lésà sí i, irú èyí tí ojú èèyàn kò lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nínú awọ yẹn, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì á pàdé, wọ́n á di ọ̀kan, ọ̀kan yìí á sì máa gbọ̀n ní ìlọ́po méjì bí àwọn tó bí i ṣe ń gbọ̀n. Ohun tí a kò rí ló wọlé, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ló jáde. Ìyá rẹ̀ ní ó dáa, inú òun dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ìmọ́lẹ̀ wá ẹnìkejì láti ọdún mẹ́rin, ṣé ó rántí pé òun náà kò tíì lọ́kọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó ń di aláwọ̀ ewé kéré gan-an. Púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ló ń kọjá lọ láìyí padà, ìdí nìyẹn tí dígí kan fi wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní asẹ́. Asẹ́ yìí ló ń dá èyí tí kò yí padà dúró, kí ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ lè ka aláwọ̀ ewé nìkan. Kí aláwọ̀ ewé lè pọ̀ sí i, Àǹtí gbẹ́ àwọn òpó wíńníwínní sójú dígí, wọ́n tò bí igbó tí èèrà gan-an kò lè rí, wọ́n ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró díẹ̀ lórí awọ náà kó má kàn sáré kọjá. Ọdún mẹ́ta ni iye àyè tó yẹ kó wà láàárín òpó kan sí èkejì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i, ìmọ́lẹ̀ náà di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n igba ni ó ṣèlérí nínú ìwé àdéhùn fún ìgbìmọ̀ tó ń náwó sí ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù kí àwọn olùyẹ̀wò wọn dé. Tí wọn kò bá rí igba, wọ́n á ti yàrá náà pa, wọ́n á kó ẹ̀rọ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mìíràn, Àǹtí á palẹ̀ mọ́ lọ sílé, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa òpó wọ̀nyẹn á sì wà lórí rẹ̀ bí ẹrù tí kò síbi tí yóò sọ ọ́ sí. Kò tíì sùn dáadáa láti oṣù kan.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí Ọ̀gá Àgbà pinnu láti sọ̀ kalẹ̀ wá wo yàrá náà.

Àwọn mẹ́jọ ló tẹ̀ lé e. Bàbá Onídígí pàdé wọn lẹ́nu aṣọ dúdú, ó kí Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé nọ́ńbà ojú wọn máa ń tàn nínú òkùnkùn, ẹ̀rọ náà á sì máa kà á. Ọ̀gá wò ó bí ẹni pé ó ní kó bọ́ ṣòkòtò. Ó wọlé pẹ̀lú aago rẹ̀. Wọ́n pa iná. Ọ̀gá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti gún tàì rẹ̀ régé, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ fò sókè. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, nọ́ńbà wálẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé mí kanlẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ mọ ọ̀gá rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko ni ọkùnrin yìí fi dúró sínú òkùnkùn tó ń juwọ́ sí ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ń dùn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé aago ni.

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fi awọ náà han òun. Àǹtí ní ojú lásán kò lè rí i. Èyí kò dùn mọ́ ọn nínú rárá, pé ohun tí òun ń tìtorí rẹ̀ jókòó sí tábìlì méjì kò ṣeé rí. Ó béèrè pé ìpele awọ mélòó ló wà níbẹ̀. Àǹtí ní ọ̀kan ni, sà.

"Ọ̀kan?" ni Ọ̀gá wí, ó wá yíjú sí àwọn tó tẹ̀ lé e kí wọ́n lè bá a mọ ọ̀ràn náà lára. "Nínú ilé iṣẹ́ tí èmi ń darí, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìlọ́po méjì, ìpele kan ṣoṣo ni ẹ tẹ́ sílẹ̀? Kí ni wọ́n á máa wí nípa wa níta? Ṣé wọ́n á ní a kò rí ìpele rà ni?"

Àǹtí rọra ṣàlàyé. Ó ní bí òkúta náà ṣe dá ara rẹ̀ nínú ilẹ̀, ìpele òkè máa ń kọ̀yìn sí ti ìsàlẹ̀; ohun tí ọ̀kan bá tì síwájú, èkejì á fà á sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ á sì kú sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Tí òun bá bó ìpele méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí òun fi orí abẹ́rẹ́ yí ọ̀kan títí wọ́n á fi kọjú síbì kan náà kí òun tó tẹ́ ẹ lé èkejì, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin ti ìsinsìnyí. Iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Gbogbo èyí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Ọ̀gá, àfi ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ta ló ń kọ̀yìn sí ta? Nínú ìṣàkóso òun? Ó gun àtẹ̀gùn lọ láì dágbére, kó sì tó di ọ̀sán, ìwé àṣẹ ti wà lára ilẹ̀kùn gbogbo yàrá. Mo da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ fún yín bó ṣe wà:

"Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kò gbọdọ̀ sí ìpele kankan nínú ilé iṣẹ́ yìí tí yóò kọ̀yìn sí ìpele mìíràn. Gbogbo ìpele ní láti kọjú sí apá ibì kan náà, èyíinì ni ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Ìpele tó bá tàpá sí àṣẹ yìí yóò rí ìbínú ìjọba ilé iṣẹ́."

Bàbá Onídígí mú ìwé náà wọ yàrá dúdú, ó tẹ̀ ba síwájú àwo tí òkúta náà wà, ó sì kà á sí i létí ní ohùn jẹ́jẹ́ láti òkè délẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé wọn kò fi tó o létí.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé àga ogún sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá tí àga mẹ́rin ń fún mọ́ra. Ayẹyẹ Ìtẹ́sílẹ̀ Ìpele Kejì ni wọ́n pè é. Ọ̀gá kò fún Àǹtí ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò tilẹ̀ fún un ní ọjọ́ méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló wo inú maikirosikópù tó yan awọ onípele méjì kan tó ti lẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú òkúta, ó ní èyí nípọn, èyí ní láárí. Ó ní kí Àǹtí ká awọ onípele kan yẹn kúrò lórí àwọn òpó. Àǹtí fi orí abẹ́rẹ́ ká a. Ó ya sí méjì lójú rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ onípele méjì tí Ọ̀gá yàn síbẹ̀.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sọ nípa bí òun nìkan ṣe ń mú ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì, ó sọ̀rọ̀ lórí òkùnkùn, ó sì fi yé òkùnkùn náà pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Wọ́n wá pa iná, wọ́n tan lésà. Ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ náà máa ń kà tẹ́lẹ̀. Ó ka mẹ́ta.

Akọ̀wé nìkan ló pàtẹ́wọ́, ó ní òun kò rí òkùnkùn tó dákẹ́ rọ́rọ́ tó báyìí rí, ó dájú pé ó ti gbọ́ àṣẹ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orí tábìlì wò bí ọlọ́pàá, ó sì rí dígí asẹ́ tó dúró gbọin níwájú ẹ̀rọ. Ó béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Àǹtí ní ó ń dá ìmọ́lẹ̀ tí kò yí padà dúró ni.

"Ẹ ní ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀," ni Ọ̀gá wí, "ẹ wá lọ fi nǹkan dí i lójú ọ̀nà. Ọ̀tá ìmọ́lẹ̀ gan-an lẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú yàrá yìí."

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa asẹ́ náà yọ, ó fi í sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ fò láti mẹ́ta bọ́ sí ẹgbàárin. Akọ̀wé wólẹ̀ sáàárín àga. Àwọn ìyókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, torí ó rọrùn láti pàtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó máa rí ojú rẹ. Bàbá Onídígí nìkan ló tẹ̀ ba, ó mú dígí asẹ́ náà nílẹ̀, ó nù ún, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ wé e, ó fi sápò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rán wọlé náà ló kàn gba ẹ̀yìn jáde, kò di ohunkóhun. Bí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé ìwé, tó gba ti ẹ̀yìn jáde, tó wá ní òun ti di dókítà.

Àǹtí mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ kò sì gbà á. Ó gun òkè lọ sí ọ́fíìsì, ó kí Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Sà, kò sóhun tó di méjì níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tá a tì wọlé náà là ń kà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ kó tó jókòó." Ọ̀gá dìde nídìí tábìlì àkọ́kọ́, ó lọ sídìí èkejì. Níbẹ̀ ló ti ní láti òní lọ, Àǹtí kò gbọdọ̀ dé yàrá dúdú mọ́. Kó lọ jókòó síbi ìgbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, kó máa fún àwọn àlejò ní káàdì àyà.

Ìjábọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn olùyẹ̀wò wà lórí tábìlì náà. Orúkọ mẹ́sàn-án ló wà lójú ewé rẹ̀, ti Àǹtí ló ṣáájú. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní àwọn orúkọ yìí ti ń há òun láyè. Ó mú pẹ́ńsù, ó pa ti Àǹtí rẹ́ níṣojú rẹ̀, ó pa ti Bàbá rẹ́, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dórí ti Akọ̀wé. Akọ̀wé ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀ sà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀ sà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń yọ lójú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, orúkọ kan ṣoṣo ló kù lórí ewé náà, Ọ̀gá sì buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ó jókòó sẹ́yìn káńtà ìgbàlejò pẹ̀lú àpótí káàdì níwájú rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó sì ń fún àwọn àlejò ní káàdì. Bí aago kan ọ̀sán ṣe lù, Bàbá Onídígí wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "wọ́n ní o ò gbọdọ̀ wọbẹ̀ lákòókò iṣẹ́. Àkókò oúnjẹ kì í ṣe àkókò iṣẹ́." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí káńtà.

Bó ṣe di pé ebi ń pa àwọn méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Lójoojúmọ́, láti aago kan sí aago méjì, wọ́n á wọ yàrá dúdú. Dígí olópòó kan ṣì wà tí Àǹtí gbẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ó bó awọ tuntun, ó bó òmíràn, ó ń fi orí abẹ́rẹ́ yí ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ maikirosikópù nígbà tí Bàbá ń di tábìlì mú kó má mì. Ó ya. Wọ́n bó òmíràn. Ó tún ya. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì ní ìdàkejì, ìmọ́lẹ̀ kú fin-ín. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn olùyẹ̀wò, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjì lù, ìpele méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n kọjú síbì kan náà, Bàbá fi asẹ́ sípò rẹ̀, ẹ̀rọ sì ka irinwó. Àǹtí mú àpótí ìṣáná kan, ó da ìṣáná inú rẹ̀ nù, ó tọ́jú dígí náà síbẹ̀.

Ẹni tó ṣáájú àwọn olùyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì ni obìnrin arúgbó kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó ń gbé báàgì ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn méjì tó kù ń pè é ní Màmá. Ó gba káàdì lọ́wọ́ Àǹtí, ó dúpẹ́, ó kí Ọ̀gá Àgbà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá dúró kó kí èkejì. Màmá rò pé etí ń dùn ún ni, ó bá rìn kọjá. Nítorí pé ẹni tó ń pín káàdì ló ń mú àlejò lọ síbi tí wọ́n bá ń lọ, Àǹtí ló mú wọn sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu aṣọ dúdú.

Ọ̀gá ti múra ọ̀rọ̀ wákàtí méjì sílẹ̀. Kò tíì dé ìgbà èwe rẹ̀ tí Màmá fi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tan lésà. Wọ́n tàn án. Ẹ̀rọ ka ẹgbàárin. Ọ̀gá wo ojú gbogbo èèyàn.

Màmá ní ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kù sí ìdajì. Ó wá sọ ohun tó ń retí. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó bá di ìlọ́po méjì lóòótọ́, ìpàdé méjì-méjì ló fi ń dá ara rẹ̀. Tí ẹ bá dín àwọn èèyàn inú gbọ̀ngàn kù sí ìdajì, àwọn tó máa pàdé ara wọn á dín kù ju ìdajì lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Nítorí náà òun ń retí ẹgbàá. Bàbá Onídígí dín in kù. Ẹ̀rọ ka ẹgbàajì.

Àwọn méjì tó tẹ̀ lé Màmá gbé bíírò wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti mọ̀. Ọ̀gá náà rí i pé wọ́n gbé bíírò sílẹ̀, ó rò pé ìyanu ló mú wọn.

"Ẹ rí i fúnra yín," ni ó wí, ó na àyà síwájú. "Ti àwọn ẹlòmíràn, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kù, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Tiwa, ìdajì gbáko ló kù. Ìmọ́lẹ̀ tí èmi tọ́ dàgbà kì í tètè juwọ́ sílẹ̀."

Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà. Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó béèrè pé dígí asẹ́ wọn dà. Bàbá mú un jáde látinú áńkáṣíìfù, ó fi sípò rẹ̀. Ẹ̀rọ ka mẹ́ta.

Màmá pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní ó ká òun lára, ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá, ṣùgbọ́n kò sí igba níbí, kò sí ogún níbí, yàrá yìí kò ní í rí ọ̀la. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá báàgì rẹ̀.

Lẹ́nu aṣọ dúdú, Àǹtí di àpótí ìṣáná mú nínú àpò. Tó bá sọ̀rọ̀, ó ti jẹ́wọ́ pé òun wọ ibi tí wọ́n ní kí òun má wọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì lọ nìyẹn. Tó bá dákẹ́, yàrá náà lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní òmíràn," ni ó wí.

Ọ̀gá ní kó padà sẹ́nu ọ̀nà níbi tí òun fi í sí. Màmá ní ṣebí ẹnu ọ̀nà náà ló dúró sí yẹn, ó wá na ọwọ́ gba àpótí ìṣáná náà.

Wọ́n fi asẹ́ sílẹ̀ sípò rẹ̀. Bàbá gbé dígí náà sórí tábìlì, ó fara balẹ̀ tò ó. Wọ́n tan lésà. Ẹ̀rọ ka irinwó. Lójú kámẹ́rà kékeré tó dojú kọ dígí náà, àmì aláwọ̀ ewé kan yọ, ó tutù lójú, ó dúró. Màmá ní kí wọ́n dín in kù sí ìdajì. Irinwó di ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀gá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ wò ó bó ṣe ṣubú lulẹ̀, ẹ̀yin ẹ wò ó, ìmọ́lẹ̀ aláìlágbára, ẹ dín in díẹ̀ ó ti dákú. Ó ń pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà gbé ọwọ́ sókè láti bá a pa á, ó wo ojú Màmá, ó wo ojú àwọn méjì tó kù, ó rọra ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, Ọ̀gá Àgbà dá nìkan pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà sì ń dún lórí ògiri dúdú yẹn títí òun fúnra rẹ̀ fi gbọ́ ọ.

Màmá fa ìjábọ̀ ẹlẹ́gbàárin yọ, ó béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀gá tètè ní iṣẹ́ àjọṣe ni, nílé iṣẹ́ yìí gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń ṣe nǹkan, tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ ti gbogbo ilé ni. Màmá yí ewé náà sí i. Ó ní òun wá orúkọ gbogbo ilé níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni òun rí, ó sì buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé sún mọ́ iwájú, ó ní òótọ́ ni mà, orúkọ tòun náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ọ̀gá fọwọ́ ara wọn pa á rẹ́, òun ò sì lè dúpẹ́ tán lọ́wọ́ wọn.

Wọn kò pariwo mọ́ ọn. Màmá kàn sọ pé kó kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì fún àwọn méjì yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, kó máa dúró de ìwé ìgbìmọ̀ nílé. Ó wá mú fọ́ọ̀mù tuntun jáde látinú báàgì, ó gbé e síwájú Àǹtí, ó ní kó kọ orúkọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ irinwó. Àǹtí kọ orúkọ Bàbá Onídígí sókè, ó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń nu dígí nílé iṣẹ́ náà, kò tíì rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé kankan rí àfi ìwé owó oṣù. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ní ó dáa, ó dáa, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọ̀gá Àgbà kò tíì lọ. Ó dúró sẹ́yìn wọn, ó ń na ọrùn, ojú rẹ̀ wà lára fọ́ọ̀mù náà bí ojú ẹni tí ebi ń pa.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti kéré, "ṣé àyè ṣì kù lábẹ́ ibẹ̀?"

Màmá wo fọ́ọ̀mù náà. Ó ní àyè wà, ó tilẹ̀ pọ̀. Ó ṣí bíírò rẹ̀. "Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, a ó kọ ọ́."

Ọ̀gá Àgbà la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo tábìlì, ó wo dígí, ó wo Akọ̀wé, Akọ̀wé ń wo òkè àjà. Màmá ní kò séwu, kó fara balẹ̀ rò ó, ó sì gbé bíírò lé orí ìwé, ó ń retí. Ìgbà tí gbogbo wọn fi jáde, ó ṣì ń rò ó.